Lọ́bústà létí òkun pẹ̀lú àwọn àna láti Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ìlú Worcester ní Massachusetts ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Bàbá àti Màmá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Èkó lóṣù kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ wọn ní Amẹ́ríkà sì nìyí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá, kò sí ohun tó ti inú omi jáde tí wọn kì í jẹ. Mo fẹ́ kó wọn lọ sí ìpínlẹ̀ Maine lọ jẹ lọ́bústà, ohun inú òkun tó jọ edé ńlá, kí a fi wáìnì díẹ̀ tì í. Ìyàwó mi ní àfi ilé oúnjẹ ńlá tó ní aṣọ tábìlì funfun, pé ojú àna kì í ṣe ojú eré. Èmi ń fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ níta, létí omi, tí a ó máa fi ọwọ́ fọ́ ọ. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Irú wáìnì wo ni ká rà? Ṣé ó burú tí a bá gbé ata dání? Èmi ni, Ọkọ Ọmọ Wọn.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ìwọ lo tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ yóò ka èyí, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa, ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yé mi dáadáa. Òbí ẹni fò kọjá òkun wá, ká wá jókòó tì wọ́n sórí bẹ́ǹṣì onípákó, kí wọ́n gbé oúnjẹ wọn wá nínú abọ́ ike, kí bébà jẹ́ aṣọ tábìlì. Ó lè dà bí ẹni pé a ṣahun sí wọn. Ọdún 19 ni mo fi dáná ní ilé oúnjẹ ní Portland, ní Maine. Mo se lọ́bústà fún tábìlì aláṣọ funfun títí ó fi sú mi, mo sì ń jẹ ẹ́ lórí èbúté pẹ̀lú àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ ìsinmi. Àlejò tó bá mọ ẹja jẹ, èbúté ni mo máa ń mú un lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní ilé oúnjẹ ńlá, a máa ń yọ lọ́bústà kúrò nínú èèpo, a ó da kírímù lé e, a ó fi ṣíìsì bò ó, nígbà tó bá dé iwájú oníbàárà, kò mọ ohun tó ń jẹ mọ́. Ẹni tó dàgbà sí Ẹ̀pẹ́ kì í ra ẹja láìwo ojú rẹ̀, láìfi ìka tẹ̀ ẹ́ lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni o fẹ́ gbé oúnjẹ tó ti para dà fún? Lórí èbúté, Bàbá yóò rí ọkọ̀ tó kó o dé, yóò rí i láàyè, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí èyí tó wù ú. Lọ́bústà tó bá sì ti pẹ́ nínú táńkì ilé oúnjẹ láìjẹun, ẹran inú èèpo rẹ̀ ń fà sẹ́yìn ni. Owó èèpo lò ń san.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o sọ fún Bàbá kí ẹ tó gbéra, kí ó má bàa ya wọ́n lẹ́nu. Lọ́bústà tí wọ́n mọ̀ nílé, èyí tí àwọn kan ń pè ní alákàṣà, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Maine. Ti ọ̀dọ̀ wa kò ní ọwọ́ ńlá; irun ìmú gígùn ẹlẹ́gùn-ún ló ní, ìrù rẹ̀ sì ni gbogbo ẹran rẹ̀ wà. Irú rẹ̀ náà ló wà ní Cuba àti ní Brazil. Ti Maine ní ọwọ́ méjì bíi ti akàn, ọwọ́ méjèèjì kò sì rí bákan náà: ọ̀kan wú bọ̀ǹbọ̀, òun ni ó fi ń fọ́ ìkarahun, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú bí ọ̀bẹ, òun ni ó fi ń gé nǹkan. Ẹran inú ọwọ́ yìí rọ̀ ju ti ìrù lọ, ó sì dùn jù ú lọ. Ẹni tí kò bá sọ fún wọn, wọ́n lè jẹ ìrù tán kí wọ́n ti abọ́ sẹ́yìn.

Ní Maine, ibi tí ẹ ń lọ yẹn ni wọ́n ń pè ní lobster pound. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọgbà ni, tí wọ́n fi igi sọ sínú omi òkun kí lọ́bústà lè wà láàyè níbẹ̀ títí ọjà yóò fi dára. Ní erékùṣù Vinalhaven ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1875. Lónìí, orúkọ náà ti di ti ibi tí a ti ń mú ti ẹni láàyè, tí wọ́n á sì sè é fún ni lójú ẹsẹ̀. Ojú fèrèsé ni ẹ ó ti sọ iye tí ẹ fẹ́. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kó o sínú àpò àwọ̀n, wọ́n á so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sínú ìkòkò omi òkun tó ń hó. Ẹ ó lọ jókòó títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà yín. Lójoojúmọ́ ni iye owó rẹ̀ ń yí padà, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ìdíyelé ọdún tó kọjá tàn ọ́ jẹ. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé “chicken”, adìẹ kọ́ o. Orúkọ lọ́bústà kékeré tó wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 450 ni.

Nínú àwọn ibi tí màá dárúkọ, Cape Elizabeth ló sún mọ́ Worcester jù, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni. Ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Lobster Shack wà níbẹ̀, ní Two Lights, lórí àpáta gan-an, tí ìgbì ń fọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun Màmá tàbí tí wọn kì í fẹ́ jókòó pẹ́ nínú mọ́tò, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè fara da ju wákàtí mẹ́ta lọ, mú wọn dé Five Islands ní Georgetown. Ọ̀nà 127 ni ẹ ó máa tẹ̀ lé títí ọ̀nà náà yóò fi parí sórí omi. Kò sí ohun tó tún kù níwájú yín bí kò ṣe èbúté onípákó, ọkọ̀ àwọn apẹja, àti àwọn erékùṣù kéékèèké tí igi páìnì bò. Abúlé Round Pond náà dára: àwọn olùtajà méjì ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ibi báyìí kì í ta ọtí, wọ́n á ní kí o gbé ti ara rẹ wá, àwọn mìíràn kò sì gbà á rárá. Fóònù ni kí o fi bi wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú. Má kàn gbé ìgò lọ sí etí òkun gbogboogbò tàbí ọgbà ìjọba láìbéèrè, òfin ọtí mímu níta le níbẹ̀.

Oṣù kẹjọ tí ẹ mú yẹn dára púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ó yé yín ìdí rẹ̀. Lọ́bústà kì í dàgbà bí ẹja. Èèpo rẹ̀ kì í fẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó lè tóbi sí i, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Maine, láti nǹkan bí oṣù keje lọ, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ́ èèpo. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, èèpo rẹ̀ rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán lè fọ́ ọ, omi òkun sì kún inú rẹ̀. Ẹran rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì rọ̀. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti gbó ní ẹran tó kún fọ́fọ́, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn kan á sọ fún ọ pé aláwọ̀ líle ni ojúlówó. Èmi kò gbà. Fún àgbàlagbà tí eyín ń yọ lẹ́nu, tí ọwọ́ kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ rírọ̀ ni kí o rà, méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ líle, ọ̀kan tó wọ̀n tó gíráàmù 600 tó ẹnì kan, pẹ̀lú àgbàdo sísè àti ànàmọ́ òyìnbó.

Ní etí èbúté yẹn, kí oúnjẹ tó jinná, jẹ́ kí Bàbá wo àwọn apẹja. Wọn yóò rí ohun tí wọ́n mọ̀: ìgèrè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi ń hun ún báyìí dípò igi, ẹja oníyọ̀ ni wọ́n sì ń fi sínú rẹ̀ bí ìjẹ. Ohun tó ń léfòó lórí omi, tí wọ́n kun ní oríṣiríṣi ọ̀dà, àmì olówó ìgèrè ni. Apẹja kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Òfin wọn ni mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́, nítorí pé ọmọ apẹja ni mí, etí òkun Ìlàjẹ ni mo ti jáde, mo sì máa ń ronú nípa rẹ̀ gan-an. Gbogbo lọ́bústà tí wọ́n bá fà sókè ni wọ́n ń fi irin wọ̀n, láti ihò ojú títí dé ìdí pátákó ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá tó ínǹṣì 3¼, padà sómi. Bí ó bá ju ínǹṣì 5 lọ, padà sómi, nítorí pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló ń bímọ jù. Bí ó bá jẹ́ abo tó gbé ẹyin sábẹ́ ìrù, wọ́n á gé àmì kékeré bíi lẹ́tà V sí ìrù rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Láti ọjọ́ náà lọ, apẹja Maine kankan tó bá tún mú un, ìbáà má gbé ẹyin mọ́, kò gbọdọ̀ tà á. Àmì yẹn ni ó ń dá a nídè. Ọdún márùn-ún sí méje ni ó sì ń gbà kí lọ́bústà kan tó tó èyí tí a lè jẹ. Bí Bàbá bá mọ èyí kí wọ́n tó fọ́ ọwọ́ kìíní, wọn kò ní fi eré jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, pupa ni yóò jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé ni nígbà tó wà láàyè. Màmá lè bi ọ́ bóyá wọ́n fi nǹkan kùn ún. Rárá o. Àwọ̀ pupa yẹn ti wà nínú èèpo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Purotéènì kan ló dì í mú tó jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ooru ló tú u sílẹ̀. Irú ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí edé àti akàn nínú ìkòkò wa nílé.

Bí ẹ ṣe máa jẹ ẹ́ kò ṣòro fún ẹni tó ti jẹ akàn rí. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná, omi gbígbóná wà nínú èèpo, ó sì lè jó ni lọ́wọ́. Ẹ lọ́ ọwọ́ méjèèjì kúrò lára níbi oríkèé, ẹ dà omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ wá fi ẹ̀mú tí wọ́n bá fún yín fọ́ ọwọ́ bọ̀ǹbọ̀ yẹn láàárín. Ẹ rọra o, kì í ṣe èkùrọ́. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, èèpo á rún sínú ẹran. Ẹran inú àwọn oríkèé tó so ọwọ́ mọ́ ara, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jù ú nù, bẹ́ẹ̀ òun ló dùn jù lójú tèmi. Ìka ọwọ́ kékeré ni ẹ ó fi tì í jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ di ara mú lọ́wọ́ kan, ìrù lọ́wọ́ kejì, kí ẹ lọ́ ọ. Ẹ ṣẹ́ àwọn abẹ̀bẹ̀ tó wà lópin ìrù, ẹ ki ìka bọ ihò tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹran ìrù á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn dúdú tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ìfun rẹ̀ ni, ẹ fà á yọ. Àwọn ẹsẹ̀ tín-tín-tín wọ̀nyẹn, ẹ fi eyín tẹ̀ wọ́n bí ìgbà tí a bá ń fa ìrèké, ẹran inú rẹ̀ á bọ́ sí yín lẹ́nu.

Nínú ara rẹ̀, ẹ ó rí ohun kan tó rọ̀, tó ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn àgbàlagbà Maine fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2008 ni ìjọba ibẹ̀ ti kìlọ̀ pé kí ènìyàn má jẹ ẹ́, nítorí májèlé tó máa ń wà nínú òkun lásìkò kan máa ń kó jọ síbẹ̀. Èmi kì í jẹ ẹ́, n kì í sì í fún àlejò mi. Bí ẹ bá rí ohun pupa tó le bí ẹyin ẹja, ẹyin ni, inú abo nìkan ló ń wà, ẹ jẹ ẹ́ láìfòyà.

Ní ti ojú àna: ìwọ ọkọ ọmọ wọn ni kí o fọ́ ti Màmá. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀mú jìjàkadì níwájú rẹ. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fọ́ ọwọ́ méjèèjì, yọ ẹran rẹ̀ ní odidi, kó o sínú abọ́ wọn, kí o wá gbé bọ́tà yíyọ́ sún mọ́ wọn. Mo ti rí i tí ìyá kan láti Ìbàdàn pa ojú dé nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe báyìí fún un, ó wúre fún un lórí ìjókòó. Ìyàwó wa, kò sí aṣọ tábìlì funfun tó lè ṣe ìyẹn. Bàbá ní tiwọn, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fọ́ tiwọn fúnra wọn. Ọwọ́ tó ti fọ́ akàn Ẹ̀pẹ́ kò nílò olùrànlọ́wọ́.

Ó kù sọ́wọ́ ata. Àbúrò mi, gbé e dání, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ọwọ́ kìíní láìsí ata rárá, pẹ̀lú bọ́tà nìkan. Ẹran yìí ní adùn tirẹ̀, ó sì ti gba iyọ̀ lára omi òkun tí wọ́n fi sè é. Ata lílọ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, nílé, mo máa ń yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, màá la ata rodo kan sí méjì, màá sọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ààyù tí mo fi ọ̀bẹ tẹ̀ fọ́, màá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, màá sì yọ ata náà kúrò. Òórùn ata rodo yóò wà nínú bọ́tà, títa rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Inú fúláàsì ni kí o gbé e sí, kí ó má bàa dì lójú ọ̀nà. Lọ́bústà kejì ni kí ẹ fi jẹ.

Wáìnì tó bá a lọ sinmi lórí ata yìí gan-an, nítorí náà má ṣe rà á kí o tó pinnu.

Bí ó bá jẹ́ bọ́tà nìkan, wáìnì funfun tí wọ́n ń pè ní Muscadet ni màá ní kí o rà. Ẹ̀bá ìlú Nantes ní Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí odò Loire ti ń wọ òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Muscadet Sèvre et Maine; Maine yìí, orúkọ odò ni níbẹ̀, kò bá ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ tan, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn bí mo bá gbé e sórí tábìlì níbẹ̀. Wò ó bóyá wọ́n kọ “sur lie” sára ìgò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n fi wáìnì náà sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹni tó mọ ẹmu yóò mọ̀ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Òun ló fún wáìnì yìí ní ìwúwo díẹ̀ lẹ́nu. Kò dùn, ó kan díẹ̀, ó dà bí ẹni pé iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, ọtí inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Kíkan yẹn ló ń fọ bọ́tà kúrò lẹ́nu, kí òkèlè tó kàn lè dà bí ti àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Bí o kò bá rí i, wá Albariño láti Galicia ní Sípéènì, tàbí Chablis bí owó bá wà. Chardonnay tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá igi tuntun ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá ń gbé ka iwájú lọ́bústà. Ó ní olólùfẹ́, àmọ́ adùn rẹ̀ jọ ti bọ́tà, bọ́tà lórí bọ́tà ni lójú tèmi, ó máa ń sú ènìyàn kí oúnjẹ tó dé àárín.

Bí ata bá wọ̀ ọ́, yí padà sí Riesling tó dùn díẹ̀. Wáìnì tí ọtí inú rẹ̀ pọ̀ máa ń mú ata jó ni sí i. Adùn díẹ̀ àti ọtí tí kò pọ̀ ló ń pẹ̀tù sí i. Màmá pẹ̀lú lè fẹ́ràn rẹ̀ ju Muscadet lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa kò fẹ́ wáìnì tó kan.

Má gbé wáìnì pupa lọ. Mo mọ̀ pé òun ni a máa ń gbé fún àna nílé, pé pupa ló ń fi ọlá hàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí a bá jẹ obì, irin inú rẹ̀ sì máa ń mú kí ohun inú omi rùn bí ẹja tó ti pẹ́. Ìgò olówó ńlá lè ba lọ́bústà tó dára jẹ́ báyìí, ojú mi ló ṣe.

Inú kúlà ni kí o kó ìgò sí, pẹ̀lú yìnyín, omi àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti tutù. Má jẹ́ kó tutù jù, bí ó bá ti wà láàárín ìwọ̀n 8 sí 10 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó ti tó. Gbé ìṣígò dání, wọn kì í sábà ní in lórí èbúté, kí o sì kó ife onígíláàsì kéékèèké tí a fi aṣọ wé. Ife bébà a máa ba òórùn wáìnì jẹ́. Ìgò kan ń kún ife márùn-ún. Ẹ̀yin mẹ́rin, tí ẹnì kan yóò sì wa mọ́tò, ìgò kan tó yín, méjì ti pọ̀ jù. Ìgò tí ẹ bá ti ṣí tó ṣẹ́kù, inú búùtù ni kí ó wà nígbà tí ẹ bá ń padà, kì í ṣe lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kù kò gùn. Béèrè lọ́wọ́ Bàbá àti Màmá, nílé, kí ẹ tó lọ, bóyá ìjọ wọn gba irú oúnjẹ yìí. Àwọn ọmọ ìjọ Adventist kì í jẹ ohun inú omi tí kò ní ìpẹ́ àti lẹbẹ. Àwọn Sẹ̀lẹ́ kì í mu ọtí. Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé gba ohun inú òkun láyè, wáìnì nìkan ni ẹ ó yọ kúrò. Omi èso blueberry tútù dára púpọ̀ níbẹ̀, nítorí oṣù kẹjọ ni blueberry inú igbó Maine ń pọ́n. Béèrè pẹ̀lú bóyá edé tàbí akàn ń yún ẹnikẹ́ni nínú wọn lára rí. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, lọ́bústà kò tọ́ sí onítọ̀hún rárá, kódà díẹ̀.

Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í ṣí pẹ́, oòrùn sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kù díẹ̀ lásìkò yẹn. Màmá gbọ́dọ̀ mú ìborùn wúlẹ̀n àti ìbọ̀sẹ̀, atẹ́gùn òkun Maine kì í ṣe ti Èkó, ó máa ń wọ egungun kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹnikẹ́ni má wọ léèsì funfun. Ẹ má fi abọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹyẹ òkun ibẹ̀ ń gba ẹran lọ́wọ́ ọmọdé. Sọ fún Bàbá kí wọ́n wo òpó èbúté nígbà tí ẹ bá dé, kí wọ́n tún wò ó nígbà tí ẹ bá ń lọ: omi ibẹ̀ ń fà, ó sì ń kún tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, nígbà tí ti Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ọkọ̀ tó wà ní ìbámu pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ ń jẹun lè ti wọlẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ ra á láàyè, kí ẹ sè é nílé. Ẹ wé e sínú ìwé ìròyìn tútù, ẹ gbé e sórí yìnyín tí omi rẹ̀ lè ṣàn kúrò, ẹ má dé kúlà pa. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo kó mẹ́fà sínú agbada omi ẹ̀rọ, mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore. Gbogbo wọn ló kú kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé omi tí kò ní iyọ̀ ń pa wọ́n, mo sì sọkún fún wọn. Lọ́bústà tó kú kí a tó sè é, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹran rẹ̀ ń bàjẹ́ kíákíá. Omi tí ẹ ó fi sè é, gíráàmù iyọ̀ 35 sí lítà kan, bí òkun gan-an. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú fírísà fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ lè kú tipiri, kí ẹ tó gbé e sínú omi tó ń hó, orí ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ìṣẹ́jú 10 tó fún èyí tó wọ̀n tó gíráàmù 550.

Níbikíbi tí ẹ bá ti jẹ ẹ́, ẹ kó gbogbo èèpo padà sínú kúlà lórí yìnyín. Lọ́jọ́ kejì, fi omi ṣàn wọ́n, fọ́ wọn, yan wọ́n díẹ̀ nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà, da omi lé wọn, kí wọ́n hó fún ìṣẹ́jú 40, kí o sì sẹ́ ẹ. Gbé omi náà fún Màmá, kí wọ́n fi se ọbẹ̀ ilá tó bá wù wọ́n.